Ta Ló Dá Agbẹ́gilére Lẹ́bi?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ènìyàn kò bá sí, òrìṣà kò lè sí. Ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ ju bí a ti ń fẹnu lásán sọ ọ́ lọ. Igi ni ère kí agbẹ́gilére tó fi àáké kàn án. Bó bá gbẹ́ ẹ tán, igi náà ṣì ni. Ẹni tó gbé e sójúbọ, tó da epo sí i lórí, tó wá wólẹ̀ níwájú rẹ̀, òun ló sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ta wá ló yẹ ká dá lẹ́bi nínú wọn? Ṣé ẹni tó gbẹ́ igi ni, àbí ẹni tó bọ igi?

Ẹ má ṣe rò pé eré ọ̀rọ̀ ni mo ń ṣe o. Ìbéèrè yìí ti da ìdílé rú ní ilẹ̀ Èkìtì. Ó ti mú kí bàbá gbẹ́, kí ọmọ sì dáná sun ún. Òfin kejì nínú Òfin Mẹ́wàá ló bí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, iṣẹ́ tó parí ní àárín àwọn ọdún 1880, ọ̀rọ̀ tí wọ́n rí lò nínú òfin náà ni ère. Wọn kò ṣì í lò. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, igi yòówù tí a bá gbẹ́ ní àwòrán ènìyàn tàbí ẹranko, ère là ń pè é, ìbáà wà lójúbọ, ìbáà sì jẹ́ òrùlé ààfin ló gbé ró. Bí òfin náà ṣe dún létí àwọn baba wa nìyẹn: ó dà bí ẹni pé iṣẹ́ agbẹ́gilére gan-an ni Ọlọ́run fi gégùn-ún.

Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Àwọn tí a kọ́kọ́ fún lófin náà, ìyẹn àwọn Júù, báwo ni àwọn ṣe lò ó? Kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilé ara wa.

Ilẹ̀ Àwọn Ọlọ́nà

Ẹni tó bá rò pé Èkìtì kò ní ju òkè àti iyán lọ, ẹ bá mi bi í bóyá ó gbọ́ orúkọ Ọlọ́wẹ̀ rí. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1873, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ló gbé, Arínjalẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́ fún. Òkìkí rẹ̀ kàn dé ààfin àwọn ọba mìíràn. Láàárín ọdún 1910 sí 1914, ó gbẹ́ òpó àti ìlẹ̀kùn fún Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Lára ìlẹ̀kùn yìí, ó gbẹ́ Ògògà sórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé lórí, olorì sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, ó gbẹ́ òyìnbó aṣojú ìjọba, Captain Ambrose, tí àwọn ènìyàn gbé bọ̀, tòun ti àwọn aláàárù tó ru ẹrù rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ayé àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ ni Ọlọ́wẹ̀ fi igi kọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé ìtàn ni ìlẹ̀kùn náà. Kì í ṣe òrìṣà ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ìlẹ̀kùn yìí lọ sí àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní London. Ojú àwọn British Museum kò kúrò lára rẹ̀ mọ́, ni wọ́n bá ní àwọn fẹ́ rà á. Ògògà lóun kò tà. Nígbà tó yá, kábíyèsí gbà kí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ tún gbẹ́ ìlẹ̀kùn mìíràn dípò. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ wà ní London títí dòní, ọ̀kan nínú òpó tó gbẹ́ fún ààfin kan náà sì wà ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà. Ní 1998, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Áfíríkà tó wà ní Washington ṣe àfihàn tó jẹ́ ti Ọlọ́wẹ̀ nìkan.

Ọlọ́wẹ̀ nìkan kọ́ o. Ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Agbọ́nbíòfé, ọmọ ìdílé Adéṣínà, ló gbẹ́ àwọn òpó ààfin Aláayè. Ó wà láyé títí di 1945. Ní Òsì, tí ìjọba pín sí ìhà Ìlọrin ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé Èkìtì ni wọ́n, Àreògún ń gbẹ́ ìlẹ̀kùn àti ère Ẹpa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí ọdún Ẹpa rí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Odindi ìtì igi kan ni wọ́n fi ń gbẹ́ ère náà. Ọba lè wà lórí ẹṣin, ìyá ọlọ́mọ lè wà níbẹ̀, ọmọ ogun àti onílù yí wọn ká, ìkòkò olójú ńlá sì wà nísàlẹ̀ tí ẹni tó gbé e yóò ki orí bọ̀. Ẹni náà yóò gbé gbogbo rẹ̀ fò sórí òkìtì, bí kò bá sì kọsẹ̀, inú ìlú á dùn pé ọdún yabo.

Iṣẹ́ tó ní ìlànà ni. Àwọn ọ̀gá a máa pín in sí ìpele mẹ́rin: ọnà lílé, níbi tí àáké ti ń fi ibi orí, ikùn àti ẹsẹ̀ hàn, àlétúnlé, níbi tí ojú, etí àti ọwọ́ ti ń jáde, dídán, tí a fi ń mú ara igi jọ̀lọ̀, àti fínfín, níbi tí ọ̀bẹ ti ń la irun, ilà ojú àti aṣọ. Ọmọ iṣẹ́ lè lo ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó fín ojú ère. Ibi tí iṣẹ́ dé nìyẹn nígbà tí ìròyìn òfin kejì wọ ìlú.

Iná Dé

Lẹ́yìn tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà láti parí ogun Kírìjì ní 1886, àwọn ọmọ Èkìtì tí ogun ti kó lẹ́rú bẹ̀rẹ̀ sí padà wálé. Púpọ̀ nínú wọn ti di onígbàgbọ́ níbi tí wọ́n wà. Ní Adó-Èkìtì, orúkọ Babamúbọ́ni kò ṣe é gbàgbé nínú ìtàn bí ìgbàgbọ́ ṣe débẹ̀. Ìjọ tí wọ́n mú wá, ìjọ CMS ni, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ibí yìí sọ́kàn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó rán ìhìn rere sí wa, àwọn náà ti jó ère tiwọn rí. Ní ọdún 1547, nígbà tí Ọba Edward Kẹfà gorí ìtẹ́, àṣẹ jáde pé kí wọ́n kó àwòrán àti ère tí àwọn ènìyàn ń júbà kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Bí àṣẹ náà ti ń le sí i, wọ́n fọ́ ère, wọ́n sì kun ẹfun bo àwòrán ara ògiri. Nítorí náà, ohun tó dé Èkìtì kì í ṣe òfin Mósè nìkan. Ìjà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá ara wọn jà ní nǹkan bí 350 ọdún ṣáájú bá a wá.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 1930 dé. Ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè, ní Iléṣà, lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Láìpẹ́, ó dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ìlú tí wọ́n ti bí Ọlọ́wẹ̀. Èrò ya wá láti ibi gbogbo. Wọ́n kó oògùn, ìfúnpá àti ère òrìṣà jáde, wọ́n sì dáná sun wọ́n.

Ká sọ òótọ́, kò yẹ ká fi àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ti ń bọ ère láti kékeré, tó ń bẹ̀rù pé bóun kò bá bọ ọ́ ọmọ òun á kú, báwo ló ṣe fẹ́ gbé e sílé kó máa pè é ní iṣẹ́ ọnà? Lójú tirẹ̀, bó bá wà nílé, ẹ̀rù rẹ̀ náà wà nílé. Iná tó dá, ẹ̀rù yẹn ló fi sun.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun ìyanu yìí. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, nígbà tí àwọn olùwádìí láti òkè òkun dé ààfin Aláayè, àwọn òpó Agbọ́nbíòfé ṣì dúró. Ìlú tó kó ère òrìṣà síná ní 1930 kò kó òpó ààfin síná. Ó dà bí ẹni pé àwọn ará Ẹ̀fọ̀n mọ ìyàtọ̀ láàárín ère tí a ń bọ àti ère tó gbé òrùlé ró, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn.

Ohun tí iná kò mú, ilé ẹ̀kọ́ mú un. Ní ọdún 1933, Archdeacon Henry Dallimore dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó, àwọn ilé ìwé mìíràn sì ń pọ̀ káàkiri. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ì bá jókòó ti bàbá rẹ̀ kó máa kọ́ ọnà lílé, ó ti gbé síléètì lọ kọ́ A, B, D. Ta ló fẹ́ kí ọmọ òun gbẹ́ igi, nígbà tó lè di akọ̀wé tàbí tíṣà? Ọba kò pe agbẹ́gilére bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́, nítorí símẹ́ńtì àti páànù ti dé.

Àwọn Tó Ni Òfin

Ẹ wá jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ àwọn Júù wàyí. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé Júù kì í ya àwòrán, kì í sì í gbẹ́ ère, nítorí Mósè ti kọ̀ ọ́ fún wọn. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀.

Nínú ìwé Ẹ́kísódù tí òfin náà wà, ibẹ̀ náà ni Ọlọ́run ti pàṣẹ pé kí wọ́n fi wúrà lílù ṣe kérúbù méjì tí ìyẹ́ wọn yóò bo ìtẹ́ àánú. Ibẹ̀ náà la ti kà nípa Bẹ́sálẹ́lì, ọmọ ẹ̀yà Júdà, tí ẹ̀mí Ọlọ́run kún inú rẹ̀ láti ṣiṣẹ́ wúrà, fàdákà, idẹ, òkúta àti igi. Agbẹ́gi ni o! Iṣẹ́ ọwọ́ ni Bíbélì kà sí ẹ̀bùn ẹ̀mí lára rẹ̀. Nígbà tí Sólómọ́nì kọ́ tẹ́ḿpìlì, orí akọ màlúù méjìlá tí wọ́n fi idẹ dà ni wọ́n gbé agbada omi ńlá lé, kìnnìún méjìlá sì dúró sórí àtẹ̀gùn ìtẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ti rí ìtẹ́ ọba lọ́dọ̀ wa kò ní ṣàì mọ irú ohun tí ọba yẹn ń sọ.

Ẹjọ́ ejò idẹ ló yé mi jù lọ. Mósè fi idẹ rọ ejò nínú aginjù, ẹni tí ejò bù jẹ bá wò ó, a yè. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló tẹ̀ lé. Wọ́n tọ́jú ejò náà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Nígbà tí Hesekáyà jọba, ó rí i pé àwọn ènìyàn ń sun tùràrí sí i, ló bá fọ́ ọ túútúú. Ejò kan náà ni o. Mósè kò ṣẹ̀ nígbà tó rọ ọ́, Hesekáyà kò sì ṣẹ̀ nígbà tó fọ́ ọ. Idẹ kò yí padà. Ohun tí àwọn ènìyàn ń fi ṣe ló yí.

Àmọ́ o, àwọn Júù kò fìgbà gbogbo ní ìmọ̀ kan lórí rẹ̀. Ìgbà kan le, ìgbà kan rọ̀. Ọba Hẹ́rọ́dù gbé ẹyẹ idì wúrà sí ẹnu ọ̀nà tẹ́ḿpìlì, àṣà àwọn ará Róòmù tó ń jẹ gàba lé wọn lórí. Ní ọdún 4 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn olùkọ́ méjì rán àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ fi àáké gé e lulẹ̀. Hẹ́rọ́dù sun àwọn aṣáájú wọn láàyè. Nírú àkókò yẹn, àwòrán kì í ṣe àwòrán lásán. Àmì àgbára àlejò ni, ẹni tó bá sì gbà á láyè, ó ti tẹrí ba.

Nígbà tó yá, ara rọ̀. Wọ́n ní Rábì Gamalieli Kejì lọ wẹ̀ nílé ìwẹ̀ kan ní ìlú Ákò, ère Afrodítì, òrìṣà obìnrin àwọn Gíríìkì, sì wà níbẹ̀. Ẹnìkan bi í pé ṣé òfin rẹ gbà ọ́ láyè. Àlàyé rẹ̀ ni pé òun kọ́ lòun lọ bá ère náà nílé. Òun ló wá bá òun nílé ìwẹ̀. Ó ní nítorí ilé ìwẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé ère sí i, kì í ṣe nítorí ère ni wọ́n ṣe kọ́ ilé ìwẹ̀. Ó ní ibi tí àwọn ènìyàn ti ń tọ̀, tí wọ́n ń wẹ̀ ìdọ̀tí níwájú ère, ta ló fẹ́ pe ìyẹn ní ìsìn? Ẹ gbọ́ ọgbọ́n àgbà.

Ní 1932, àwọn awalẹ̀pìtàn hú sínágọ́gù kan jáde ní Dura-Europos, létí odò Yúfírétì ní Síríà. Ọdún 244 sí 245 ni wọ́n tún un kọ́. Gbogbo ògiri rẹ̀ ló kún fún àwòrán: Mósè ọmọ ọwọ́ nínú omi, Sámúẹ́lì tó ń ta òróró sí Dáfídì lórí, àfonífojì egungun gbígbẹ ti Ìsíkíẹ́lì. Níbi tó kan Ọlọ́run fúnra rẹ̀, ọwọ́ nìkan ni wọ́n yà, tó nà láti òkè wá. Kí ló fi yàtọ̀ sí tiwa? Gbogbo ère tí wọ́n gbẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, ta ló rí ère Olódùmarè níbẹ̀ rí?

Ní Beth Alpha, ní Ísírẹ́lì, àwọn tó ń la ojú omi sí oko ní ìparí àwọn ọdún 1920 kan ilẹ̀ sínágọ́gù tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ oríṣiríṣi ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà. Àwòrán Ábúráhámù tó fẹ́ fi Ísáákì rúbọ wà níbẹ̀. Àwọn ọlọ́nà náà kọ orúkọ wọn sílẹ̀: Mariánò àti Hánínà ọmọ rẹ̀. Bàbá àti ọmọ tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń rí ní Òsì àti Ẹ̀fọ̀n.

Ní nǹkan bí ọdún 1300, ní gúúsù Jámánì, Júù kan ya àwòrán sínú ìwé àdúrà Àjọ Ìrékọjá. Ó ya àwọn ènìyàn níbi tí wọ́n ti ń jẹun, tí wọ́n ń ṣe búrẹ́dì, ṣùgbọ́n orí ẹyẹ ló fi sí wọn lọ́rùn dípò orí ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé òfin ló ń bẹ̀rù, ló bá wá ọgbọ́n dá. Ní 1906, nígbà tí Boris Schatz dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù, orúkọ Bẹ́sálẹ́lì ló fi pè é. Láti inú aginjù dé ìgbà tiwa, wọn kò pa òfin náà tì. Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn nígbà gbogbo ni pé: kí ni ère yìí wà fún?

Ilé Iṣẹ́ Ọ̀yẹ́

Ìbéèrè yìí gan-an ni àwọn kan bi ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ní 1947, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Kátólíìkì tí à ń pè ní SMA dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀. Fadá Kevin Carroll àti Fadá O'Mahony ló wà nídìí rẹ̀. Wọn kò ní kí àwọn agbẹ́gilére wá kọ́ bí òyìnbó ti ń gbẹ́ Màríà. Wọ́n ní kí wọ́n fi ọwọ́ tiwọn gbẹ́ ẹ. Wọ́n gba Bándélé, ọmọ Àreògún, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Wọ́n kó ahunṣọ àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ àti awọ mọ́ ọn.

Ohun tó jáde níbẹ̀ ya ènìyàn lẹ́nu. Àwọn amòye tó wá kí Jésù di ọba Yorùbá. Màríà kúnlẹ̀ bí ìyá ọlọ́mọ tó wà lórí ère Ẹpa. Wọ́n gbẹ́ ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ní ìpín ìpín, gẹ́gẹ́ bí Àreògún ti ń gbẹ́ ìlẹ̀kùn ààfin. Ọwọ́ kan náà ni, àáké kan náà, ìpele mẹ́rin kan náà. Ìtàn tí igi ń sọ nìkan ló yí.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ Bándélé níbẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, láti ìdílé agbẹ́gilére. Mùsùlùmí ni. Ẹ̀sìn tirẹ̀ náà kò fẹ́ kí a júbà ère rárá. Síbẹ̀, òun ló wá gbẹ́ ìlẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Nígbà tó yá, ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, òun ló sì gbẹ́ ère Odùduwà tí wọ́n gbé sí gbọ̀ngàn Odùduwà níbẹ̀ ní 1987. UNESCO bu ọlá fún un ní 2006. Ó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2009.

Gbogbo ènìyàn kọ́ ni iṣẹ́ Ọ̀yẹ́ dùn mọ́ nínú. Àwọn onígbàgbọ́ kan ní àwọn ti sá fún ère, kí ló dé tí wọ́n tún ń gbé e padà wọ ṣọ́ọ̀ṣì? Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ẹni tí ejò bù ṣán rí kì í fẹ́ rí okùn nílẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà kò pẹ́. Ní 1954, ó kógbá sílé. Ọdún yẹn náà ni Àreògún kú. Ṣùgbọ́n ọdún méje péré yẹn ti tó láti fi hàn pé agbẹ́gilére lè gbé iṣẹ́ rẹ̀ wọ ayé tuntun láìjẹ́ pé ó sọ ọ́ nù.

Ìdájọ́ Wa

Ibo wá la bá a dé? Ọwọ́ mẹ́ta ni mo rí tó ti kan ère ilẹ̀ Èkìtì. Ọwọ́ kìíní sun ún. Ọwọ́ kejì gbé e lọ sókè òkun. Ọwọ́ kẹta, tó kéré jù, tún un gbẹ́ fún ìlò tuntun. Àwa tó ń pe ère ní ìbọ̀rìṣà, àwọn òyìnbó tó kọ́ wa ní ìwàásù náà ni àwọn ará wọn ń gba owó ọkọ̀ lọ wò ó nílé àkójọ. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó bá fẹ́ rí ìlẹ̀kùn tí baba ńlá rẹ̀ ń gbà kọjá, àfi kó lọ gba físà.

Títí dòní, a ṣì ń gbọ́ pé pásítọ̀ ní kí ìdílé kan kó gbogbo igi gbígbẹ́ inú ilé jáde, nítorí òun ló ń dá oríire wọn dúró. Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni bọ ohunkóhun. Ẹni tó bá ń sun tùràrí sí i, kó ṣe bí Hesekáyà, ó lẹ́tọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó ṣáná, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ìbéèrè Gamalieli. Kí ni igi yìí wà fún? Ṣé à ń bọ ọ́ ni, àbí òrùlé ló gbé ró? Ta ló gbẹ́ ẹ, kí sì ni orúkọ rẹ̀? Bí àgbà kan bá wà nínú ilé tó mọ ìdáhùn, kí a jókòó tì í, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó lọ. Ní 1988, ẹnu ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Ọlọ́wẹ̀ tó kù láyé ni àwọn olùwádìí ti gbọ́ oríkì rẹ̀, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá pẹ́ díẹ̀ sí i, oríkì yẹn ì bá ti bá ìyá wọ ilẹ̀.

Bẹ́sálẹ́lì kò jẹ̀bi ohun tí àwọn ènìyàn fi wúrà ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ náà kò jẹ̀bi. Ẹni tí eku ń yọ lẹ́nu kì í tìtorí eku dáná sun ilé.